Irin Tó Ń Le Lójijì

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi imú ọkọ̀ onírin ewé ti ògiri ní Òṣogbo, gbogbo èrò tó dúró wòran ló pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti mọ ògiri tó nípọn kan sí gbàgede Ilé Ìmọ̀ Irin, ẹ̀rọ ńlá kan sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń tì í bọ̀ jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Nígbà tí imú ọkọ̀ kan ògiri, ẹ̀rọ kò dúró. Ó ń tì í lọ ni, iwájú ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká, ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po, bí ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn ń jókòó sí kò yẹ̀ rárá. Wọ́n ti gbé ẹyin adìẹ kan sórí àga awakọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Láṣebìkan, ọ̀gá Ilé Ìmọ̀ Irin, ṣílẹ̀kùn, ó mú ẹyin náà jáde, ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Kò sán.

Wúràọlá ló ń darí ẹ̀rọ náà. Onímọ̀ irin ni, obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, òun gan-an ló sì fi irin ewé, irin tuntun tó ń ká bí ewé, rọ àwọn egungun tó wà níwájú ọkọ̀ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára bàbá rẹ̀, Alàgbà Gbádégẹṣin, tó jókòó láàárín àwọn àgbà ìlú. Bàbá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo ọkọ̀ tó ká náà bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ àjèjì ka iwájú rẹ̀.

Láyé ìgbà tí à ń wí yìí, ó ti pẹ́ tí ọmọ ènìyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ kẹ́yìn. Ojú Ọ̀nà ló ń wa gbogbo ọkọ̀. Ọpọlọ àtọwọ́dá ńlá kan ni Ojú Ọ̀nà, ó ń gba ara àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n rọ tí wọ́n jù sójú ọ̀run bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ènìyàn á wọlé, á dárúkọ ibi tó ń lọ, á sì sùn. Ọkọ̀ kì í kọlu ọkọ̀ mọ́. Lójú àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn Ojú Ọ̀nà, jàǹbá ọkọ̀ dà bí ogun Kírìjì, ohun tí àgbà ń sọ tí ọmọdé ń yínmú sí. Bí jàǹbá sì ṣe tán nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ̀ rẹ̀ tán. Nígbà kan rí, Ilé Ìmọ̀ Irin ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Ajálójijì, tó máa ń já irin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni já okùn, kí wọ́n lè mọ ìwà irin nígbà tí nǹkan bá dé bá a láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kò wúlò mọ́. Wọ́n tú u, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n fi rọ férémù fèrèsé. Èyí tó ṣẹ́kù ni Afàpẹ̀lẹ́, ẹ̀rọ onísùúrù tó ń fa irin díẹ̀díẹ̀. Ènìyàn lè gbé irin sẹ́nu rẹ̀, kó lọ jẹun, kó padà dé, kó sì bá a tí kò tíì já.

Ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ náà di arúgbó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jábọ́, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe rọ wọ́n sì ti kú tán. Ìjọba wá kéde pé Ojú Ọ̀nà máa pajú dé láìpẹ́, kí oníkálukú lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di sítíárìn mú. Bí ènìyàn bá sì tún ń wa ọkọ̀, jàǹbá á padà; ìdí nìyẹn tí Ilé Ìmọ̀ Irin fi rọ ọkọ̀ onírin ewé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ju ìwọ̀nba arúgbó díẹ̀ lọ, Gbádégẹṣin sì ni olórí wọn. Nígbà èwe rẹ̀, ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà ni ilé rẹ̀. Ó ṣì ní ọkọ̀ àtijọ́ kan nínú ọgbà, tó kùn ní àwọ̀ aró, tó sì sọ ní Aláró. Aláró kò rìn rí lójú Wúràọlá, nítorí iná mànàmáná ni gbogbo ọkọ̀ ń lò, kò sí epo tí yóò mu mọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ọmọ náà ti dàgbà. Nígbà òjò, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń gbé e wọ̀ láti dirun fún un, tí omi á máa rọ́ lórí gíláàsì, tí bàbá rẹ̀ á jókòó síwájú tí yóò máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì, tí yóò máa pe orúkọ ìlú bí wọ́n ṣe ń kọjá wọn láìkúrò lójú kan. Ìyá ti kú. Òórùn òróró àgbọn tó ń fi sí i lórí ṣì wà lára àga ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn tí èrò túká, àwọn àgbà àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì jókòó papọ̀. Gbádégẹṣin ní òun kò gbà. Ó ní irin tó ń ká bí ewé, irin wo nìyẹn; pé láyé àwọn, irin ń jẹ́ irin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Láṣebìkan kò bínú. Ó ṣàlàyé pé bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ìyà gbọ́dọ̀ jẹ ẹnì kan. Iwájú ọkọ̀ ni kó jìyà náà, kó ká, kó wó, kí ènìyàn inú rẹ̀ má baà jẹ ẹ́. Ó ní wọ́n ti fi Afàpẹ̀lẹ́ wọn irin ewé dáadáa, wọ́n mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé, wọ́n sì ti fi í sí ibi tó yẹ kó ká gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá, àwọn àgbà sì mi orí.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, Wúràọlá bi ọ̀gá rẹ̀ ní ìbéèrè kan tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Ọ̀gá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi wọ̀n ọ́n. Tí nǹkan bá wá dé bá a pẹ̀lú eré ńkọ́?"

"Mo rò ó," ni Láṣebìkan wí. "Irin kì í rọ̀ sí i tí a bá yára sí i, ó máa ń le sí i ni. Èrè ni fún wa. Agbára tó bá lé, ta ni yóò pa?"

Ọkàn Wúràọlá balẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà gbọ́ nìyẹn, pé ohun tó bá lágbára sí i ló sàn jù.

Ó lọ bá bàbá rẹ̀ nílé lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀ ẹ́. Ìlú kò ní gba ọkọ̀ tuntun bí olórí àwọn awakọ̀ kò bá wọ̀ ọ́. Bàbá ní òun ì bá fẹ́ fi Aláró kọ́ àwọn ènìyàn, ká ní epo wà. Ó wá bi ọmọ rẹ̀ bóyá òótọ́ ni pé òun ló rọ egungun iwájú ọkọ̀ tuntun náà. Ọmọ ní òun ni.

"Tó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ ló ṣe é, Àwẹ̀ró, mo máa wọ̀ ọ́." Oríkì tí ìyá bàbá sọ ọ́ ni Àwẹ̀ró, bàbá nìkan ló sì kù tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Bí Gbádégẹṣin ṣe padà di ọ̀dọ́ nìyẹn. Láràárọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró dè é lójú ọ̀nà Ìbòkun, ọkọ̀ onírin ewé kan á gbé wọn lọ, á gbé wọn bọ̀. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì bí ẹni ń tẹ iyanrìn, kì í ṣe bí ẹni ń tẹ kòkòrò pa. Ó kọ́ wọn pé bí awakọ̀ méjì bá pàdé, kí wọ́n gbé ìka kan sókè lórí sítíárìn, ẹ kú ọ̀nà ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì kí àlejò lójú ọ̀nà rí láyé wọn, nítorí oorun ni wọ́n máa ń sùn nínú ọkọ̀. Tí wọ́n bá wá kí ara wọn báyìí, ẹ̀rín á gba ẹnu wọn. Wúràọlá máa ń gbọ́ fèrè bàbá rẹ̀ láti ibi iṣẹ́, á sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, ìràwọ̀ kan tún jábọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ ń bọ̀ láti Iléṣà, Ojú Ọ̀nà ló ń wà á. Bí ìràwọ̀ ṣe kú, ọkọ̀ náà dúró ṣinṣin sí àárín kọ́nà. Gbádégẹṣin nìkan ló wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó ń padà bọ̀ lẹ́yìn tó já àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ó yọ sí kọ́nà, ó rí ẹrù ńlá níwájú rẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ilẹ̀ yọ̀. Ó yí sítíárìn kó má baà wọ abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì lọ fi imú sọ igi ògànwó kan lẹ́bàá ọ̀nà.

Nígbà tí Wúràọlá dé ibẹ̀, inú àwọn èrò tó pé jọ ń dùn. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà, wọ́n ní ẹ wò ó, irin ewé mà lágbára o, igi ló bó, ọkọ̀ kò ṣe nǹkankan. Òótọ́ ni. Ìṣẹ́po kan péré ló wà níwájú ọkọ̀, ìyẹn náà kò jinlẹ̀. Iná rẹ̀ kan ṣì ń tàn. Wúràọlá wo iwájú ọkọ̀ tó gún régé yìí, ó sì sáré lọ síbi ilẹ̀kùn. Bẹ́líìtì ṣì di bàbá rẹ̀ mú sórí àga. Ó wà láàyè, ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti wó sínú.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n to egungun rẹ̀ bí wọ́n ṣe lè tò ó. Dókítà sọ fún Wúràọlá pé yóò gbé díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò ní dìde wa ọkọ̀ mọ́. Ó jókòó tì í di ìrọ̀lẹ́. Bàbá sùn. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn ọmọ rẹ̀: ọkọ̀ náà kò ká. Ìyà tó yẹ kí irin jẹ, irin kọ̀ ọ́, ó sì kọjá sára ènìyàn.

Kò sí Ajálójijì mọ́, nítorí náà ó wá ọgbọ́n dá. Ilé omi gíga kan wà lẹ́yìn ọjà tí wọ́n ti pa tì. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi okùn fa òkúta irin tó wúwo kan dé òkè rẹ̀ pátápátá, wọ́n gbé egungun iwájú ọkọ̀ kan dúró sísàlẹ̀, wọ́n sì tú okùn. Ìró rẹ̀ mú kí àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí gbogbo òrùlé àdúgbò. Egungun tí Afàpẹ̀lẹ́ ń ká bí ewé kò ká tán; ó tẹ̀ díẹ̀, ó kọ̀, òkúta náà sì ta padà sókè. Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú òmíràn, bákan náà ni. Láṣebìkan fúnra rẹ̀ wá. Ó bọ́ agbádá, ó bá wọn fa okùn, ó ní kí wọ́n gbé e ga sí i. Bí òkúta ṣe ń sáré tó ni irin ń le tó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin kò ṣòro láti lóye. Nígbà tí irin bá ń ká, àwọn èérún kéékèèké inú rẹ̀ ni wọ́n ń yọ̀ kọjá lára ara wọn. Ẹ fojú inú wo èrò tó ń jáde nílé ìjọsìn. Bí wọ́n bá fara balẹ̀, ẹnu ọ̀nà kékeré gba gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá pariwo iná, tí gbogbo wọn sáré lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á há síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà á di ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni irin ewé. Ẹni tó bá fi sùúrù bá a lò, á gbà fún un. Ẹni tó bá já lù ú, ògiri ló máa bá.

Àwọn àgbà pe ìpàdé. Inú ń bí wọn. Alàgbà Oyèétúnjí, ọ̀rẹ́ Gbádégẹṣin látìgbà èwe, ló gbẹnu sọ fún wọn. Ó ní àwọn ti wí i pé irin náà fẹ́lẹ́ jù, kí wọ́n lọ rọ irin tó nípọn, irin tó le, irú èyí tí kì í fi ènìyàn ṣẹ̀sín. Wúràọlá dìde, ó dá a lóhùn.

"Bàbá, kì í ṣe pé irin náà rọ̀ ló ṣe bàbá mi léṣe. Líle ló le. Tí a bá tún un rọ kó nípọn bí ẹ ṣe wí, ẹni tó bá tún kọlu igi, a ò ní gbé e dé ilé ìwòsàn."

Oyèétúnjí ní, "Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

Láṣebìkan ló fèsì, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ó ní òun ṣìnà. Òun rò pé agbára tó lé kì í pa ẹnikẹ́ni, agbára tó lé gan-an ló sì wó àyà ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ dín agbára irin ewé kù, kó rọ̀ gan-an nígbà tí a bá tì í jẹ́jẹ́, tó bá wá le lójijì, kó le dé ìwọ̀n tí ara ènìyàn lè gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn ni kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn ará ìgbàanì mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fi ọkọ̀ sọ ògiri láìmọye ìgbà kí wọ́n tó rí i. Ohun tí wọ́n rí kò sí níbòmíràn mọ́ báyìí àfi nínú irin ọkọ̀ tí wọ́n fúnra wọn rọ.

Kò dárúkọ ọkọ̀ kankan. Kò pọn dandan kó dárúkọ. Ẹyọ kan ló ṣẹ́kù ní gbogbo Òṣogbo.

Wúràọlá kò lè béèrè Aláró lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n ti gbé bàbá wálé nígbà náà, wọ́n tẹ́ ibùsùn fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ọgbà, níbi tó ti lè máa wo Aláró. Ó ń tọ́jú rẹ̀, ó ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ fún un. Oyèétúnjí ló wá kí i tó sì já ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Nígbà tí àlejò lọ, Gbádégẹṣin pe ọmọ rẹ̀.

"O ò sì sọ fún mi."

"Bàámi, mi ò lè sọ ọ́. Inú ẹ̀ ni Màmá ti ń dirun fún mi."

"Inú ẹ̀ ni mo ti gbé ìyá rẹ wálé ọkọ." Ó sinmi kó tó lè máa bá a lọ. "Ẹ gbé mi wọ̀ ọ́ ná. Tí mo bá jókòó tán, ẹ lè mú un lọ."

Wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú àga, wọ́n rọra gbé e sídìí sítíárìn. Wúràọlá wọ ẹ̀gbẹ́ kejì. Oòrùn àárọ̀ wà lórí gíláàsì. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sórí sítíárìn, kò sì yí i, agbára kò sí. Ó kàn ń wo iwájú. Ó sọ fún un pé ní ọjọ́ tí òun gbé ìyá rẹ̀ wá láti Iléṣà, òjò gbá wọn mú ní Ìbòkun, wọ́n dúró sábẹ́ igi, ìyá rẹ̀ sì tú ẹ̀pà jáde nínú ìdì ìró, àwọn jẹ ẹ́ títí òjò fi dá. Ó ní òun kò tíì jẹ ẹ̀pà tó dùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó sọ orúkọ àwọn awakọ̀ tí wọ́n jọ ń ná ọ̀nà yẹn, ó sọ irú fèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Wúràọlá ń gbọ́. Nígbà tó tán, bàbá fi ọwọ́ pa dásíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ó tó."

Wúràọlá kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gé e. Òun ló fi ayùn oníná gé egungun iwájú Aláró, méjèèjì. Wọ́n fi ẹyọ kan sẹ́nu Afàpẹ̀lẹ́, ó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ inú Ilé Ìmọ̀ Irin fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé èyí ni àwọn àgbà ń fọ́nnu lé lórí. Wọ́n gbé èkejì lọ sábẹ́ ilé omi, wọ́n tú okùn. Ẹ̀rín dá. Irin àtijọ́ náà le lójijì ju bí wọ́n ṣe rò lọ, síbẹ̀ ó ká, ó ń ká, ó ń ká, òkúta sì gúnlẹ̀ sórí rẹ̀ bí ẹyẹ tó bà sí ìtẹ́. Àwọn ará ìgbàanì ti mọ̀ pé yóò le, wọ́n sì ti yọ líle náà sílẹ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́.

Láti ara ìwọ̀n yẹn ni wọ́n ti tún irin ewé rọ. Àwọn ènìyàn ráhùn. Wọ́n ní ọkọ̀ tuntun náà ń tẹ̀ bí ewúrẹ́ bá fara nù ún, pé ìtìjú ni. Àwọn panẹbítà, tí iṣẹ́ wọn ti parẹ́ láyé, tún jí. Gbádégẹṣin kò rí i. Ọyẹ́ ọdún náà ló mú un lọ, lójú oorun, ibùsùn rẹ̀ kọjú sí ibi tí Aláró máa ń wà, tí koríko ti ń hù.

Lẹ́yìn tí Ojú Ọ̀nà pajú dé pátápátá, wọ́n wá pe Wúràọlá lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé ọkọ̀ kan ti kọlu afárá lójú ọ̀nà Ìkìrun. Bó ṣe débẹ̀, kò rí ẹni tó ń yọ̀. Iwájú ọkọ̀ náà ti run, ó ti ká wọnú ara rẹ̀ pátá, omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan jókòó sórí koríko, ó ń sunkún.

"Mọ́tò mi ti bàjẹ́, mà," ló wí. "Ẹ wò ó. Kò ku nǹkankan níwájú rẹ̀."

Wúràọlá kúnlẹ̀ tì í, kò wo mọ́tò. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà, ó ní kó mí. Ọmọ náà mí.

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Rárá, mà."

"Tún mí, ọmọ mi," ni Wúràọlá wí, kò sì tíì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.